Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá: Oko ta ni kọfí orí tábìlì yín ti wá?

Ẹ̀yin Gómìnà Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. N ò ní fi oríkì fa lẹ́tà yìí gùn, nítorí mo mọ̀ pé ìwé tó wà níwájú yín pọ̀.

Oṣù tó kọjá, àjọ ìjọba kan pe àwa tí a ń fi irè oko ṣòwò sí ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì nílùú Ìbàdàn. N ò ní dárúkọ àjọ náà, torí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ta aṣọ gbàgàdà kan sẹ́yìn àga àwọn àgbààgbà, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: "Ohun tí a gbìn ni kí á jẹ." Nígbà tó di aago mọ́kànlá, wọ́n ní kí á lọ mu tíì. Mo dé ìdí tábìlì, mo bá omi gbígbóná nínú fíláàsì, mo bá míìtì-páì, mo sì bá abọ́ kan tó kún fún sáṣẹ́ẹ̀tì kọfí. Mo mú ọ̀kan, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ìlú tí yìnyín ń bò, tí igi kọfí kan kò lè yè níta gbangba, ni wọ́n ti dì í wá. Nínú àkọsílẹ̀ èròjà rẹ̀, ṣúgà ló ṣáájú. Ìyẹ̀fun tó ń ṣe bíi mílíìkì ló tẹ̀ lé e. Kọfí fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn, bí àlejò tó dé òde lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ẹran tán.

Mo bi ọmọbìnrin tó ń pín nǹkan pé, "Àbúrò mi, ṣé ẹ ò ní kọfí ilé?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kọfí ń hù níbí ni?"

Ọmọ náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Kò mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, láti gbọ̀ngàn tí a wà yẹn, ẹ lè fi ọkọ̀ dé Ìdí-Ayùnrẹ́ kí míìtì-páì tó tutù, níbi tí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, CRIN, wà. Láti 1964 ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Irè márùn-ún ni wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ láti máa ṣèwádìí: kòkó, obì, káṣú, tíì, àti kọfí. Ìbéèrè ọmọ yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí sí yín.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo bí àgbàlagbà wa ṣe ń mu kọfí.

Lọ́pọ̀ ilé Yorùbá, ohunkóhun tó bá gbóná nínú ife, tíì ni. Milo, tíì. Bournvita, tíì. Lipton, tíì. Tí ìyàwó bá ní, "Ẹ jẹ́ kí n po tíì fún yín," ọkọ kò mọ èyí tí yóò dé títí ife yóò fi dé iwájú rẹ̀. Kọfí kò ní àga tirẹ̀ lórí tábìlì àárọ̀ wa. Oògùn oorun ló jẹ́ fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kàwé mọ́jú ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì, awakọ̀ tírélà tó fẹ́ sáré kọjá Ọ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ń lọ fún ìsọ́ òru, àti ẹni tí ọtí àná kò tíì dá lójú rẹ̀. Mo bi ìyá àgbà kan nílé wa rí pé kí ló dé tí kì í mu kọfí. Ó ní, "Èmi ò ṣiṣẹ́ òru." Ọ̀rọ̀ tán.

Ìdí Mállàmù oní-tíì ni mo ti máa ń rí àwọn tó ń mu ún ní ìta. Ẹ mọ bẹ́ńṣì yẹn. Mállàmù á di ife méjì mú, á gbé ọ̀kan sókè, á da tíì láti òkè sí ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wọn aṣọ, kò ní ta sílẹ̀, á máa hó kúṣúkúṣú. Sáṣẹ́ẹ̀tì kọfí á so rọ̀ lókè orí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹ̀gbà ọrùn. Mo fẹ́ràn bẹ́ńṣì yẹn, n kò bá Mállàmù jà. Ohun tí a bá gbé fún un ló ń tà. Tí kọfí oko wa bá dé ọwọ́ rẹ̀ nínú ìdì kékeré, ní iye tí oníbàárà rẹ̀ lè san, yóò so ó rọ̀ pẹ̀lú ìyókù.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ẹnu Yorùbá kò gba kọfí, pé ó korò jù. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹnu tó ń jẹ obì, tó ń jẹ orógbó, tó ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láàárọ̀ kùtù, ta ló sọ fún un pé kọfí dúdú ló korò? Kaféènì, èròjà tó ń lé oorun nínú kọfí, òun náà ló wà nínú obì. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ tó ń fi gbàǹja sẹ́rẹ̀kẹ́ láti Èkó dé Kánò mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí sáṣẹ́ẹ̀tì kankan tó dé. Àwọn onímọ̀ ewéko tilẹ̀ sọ pé ìdílé kan náà ni igi kọfí àti orúwo ti wá, orúwo tí a ń bù ewé rẹ̀ sínú àgbo ibà. Ẹnu wa kò lẹ́ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

2. Ẹ gbọ́ bí kọfí ṣe kúrò lóko wa.

Àkókó ni mo ti wá. Bàbá mi ní kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó rẹ̀, irúfẹ́ tí wọ́n ń pè ní robusta. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣètò àwọn bọ́ọ̀dù irè oko tuntun ní 1977, Bọ́ọ̀dù Kòkó ló ń mójú tó kòkó, kọfí àti tíì. Àgbẹ̀ mọ iye tí wọn yóò san. Ó mọ ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n. Bọ́ọ̀dù náà ní àléébù tirẹ̀ o, bàbá mi kì í dákẹ́ lórí ìrẹ́jẹ tó wà ní ìdí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn ń dé.

Ní 1986, nígbà SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba àpapọ̀, ìjọba tú gbogbo bọ́ọ̀dù náà ká. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ní ti kòkó, kíá ni àwọn olùrà aládàáni rọ́ wọlé, àwọn míì gbé owó lọ bá àgbẹ̀ nígbà tí kòkó ṣì wà lórí igi. Ní ti kọfí, kò sẹ́ni tó wá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń pín iye kọfí tí oníkálukú yóò tà sọ́jà àgbáyé fọ́, owó kọfí já wálẹ̀ bí ìgbà tí okùn kànga bá já.

Àpò mọ́kànlá ni bàbá mi kó sórí àjà. Ó ní olùrà yóò dé. A fi ọdún méjì sùn sábẹ́ àpò mọ́kànlá yẹn. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi bu díẹ̀, ó yan án nínú agbada tó fi ń yan gaàrí, ó gún un lódó, ó sè é. Òórùn rẹ̀ mú kí àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Ife kọfí àkọ́kọ́ tí mo mu láyé mi nìyẹn. Bàbá mi, tó ti gbin kọfí fún ogún ọdún, kò mu ún rí títí di ọjọ́ náà! Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Ṣé nítorí èyí ni òyìnbó ṣe ń dààmú wa?" Ó tún bu ife kejì.

Ní 2022, ẹ̀gbọ́n mi gé ìyókù igi náà, ó fi káṣú rọ́pò rẹ̀. Mi ò bá a wí. Igi tí kò ní oníbàárà, koríko ni. Láàárín 2024 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2025, owó robusta lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù kọjá 5,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó pè mí lórí fóònù, ó bèèrè bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Káṣú náà ń tà," ló sọ, ó sì pa fóònù.

3. Ọdún kan náà ni àwọn kan jí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ní 1986 yẹn gan-an, orílẹ̀-èdè Vietnam bẹ̀rẹ̀ àtúntò tí wọ́n ń pè ní Đổi Mới. Àwọn Faransé ló ti gbé kọfí débẹ̀ láti 1857, ṣùgbọ́n ogun ti ba oko jẹ́, kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n mọ́ oníkọfí. Robusta ló pọ̀ jù lóko wọn, bí i ti bàbá mi. Àwọn náà dín ọwọ́ ìjọba kù lórí ọjà, wọ́n ní kí àgbẹ̀ máa ta irè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ìjọba wọn kò sá kúrò lóko. Wọ́n fa omi, wọ́n pèsè irúgbìn, wọ́n yá àgbẹ̀ lówó. Kí 2000 tó tán, Vietnam ti di igbá kejì Bràsíìlì nínú àwọn tó ń kó kọfí jáde. Àwa tú bọ́ọ̀dù ká, a sì lọ sùn.

Bí ẹ bá ní Vietnam jìnnà, ẹ wo Ethiópíà. Àwọn ló ń gbin kọfí jù ní Áfíríkà, àwọn fúnra wọn ló sì ń mu nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ìyá ilé á yan kọfí lójú àlejò, á gbé e kọjá nímú wọn kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, á sì bu ún lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fún ife kọ̀ọ̀kan lórúkọ: abol, tona, baraka. Ẹni tó dìde lẹ́yìn ife kan ṣe bí ẹni tó jẹ obì wa tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ tún wo Bràsíìlì, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn ará Pópó Àgùdà l'Ékòó ti padà wá. Wọ́n ń gbin kọfí ju gbogbo ayé lọ, síbẹ̀ wọ́n ń mu ju ogún mílíọ̀nù àpò lọ lọ́dún, àpò oníkílò ọgọ́ta. Oúnjẹ àárọ̀ wọn gan-an, "kọfí àárọ̀" ni orúkọ rẹ̀ lédè wọn. Nígbà tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé wọ́n ń po nǹkan mìíràn mọ́ kọfí lílọ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ kọfí wọn, ABIC, gbé èdìdì àìlábùlà jáde ní 1989. Ọdún tí àdéhùn àgbáyé fọ́ nìyẹn. Nígbà tí òde kò fani mọ́ra mọ́, wọ́n yíjú sí ẹnu ará ilé.

Àwa kò ní ẹnu ilé tí a lè yíjú sí, nítorí a kò kọ́ ọ ní mímu. Ìdí nìyẹn tí àpò mọ́kànlá bàbá mi fi wà lórí àjà, tí ìlú tó yí i ká ń po Bournvita.

4. Ní ti ìlera, ọ̀rọ̀ mi kò gùn.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni mu kọfí títí ọwọ́ yóò fi máa gbọ̀n. Àwọn oníṣègùn gbà pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí 400 mílígíráàmù kaféènì lóòjọ́, kí aboyún má kọjá 200. Kaféènì inú robusta sì tó ìlọ́po méjì ti arabica, irúfẹ́ kọfí kejì, nítorí náà ife kékeré ló yẹ ẹ́. Awakọ̀ tó fi kọfí rọ́pò oorun ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Gbèsè oorun kò ṣeé fi kọfí san. Ṣùgbọ́n ẹ wo sáṣẹ́ẹ̀tì alápòpọ̀ yẹn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò lè yọ ṣúgà kúrò nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mu mẹ́ta lóòjọ́ rò pé kọfí lòun ń mu.

5. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ yín.

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tara mi: mo ń yan kọfí, mo sì ń tà á ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ní mo ń polówó ọjà mi kò purọ́. Ẹ má ra tèmi, ẹ ra ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ rà á níbí.

Àkọ́kọ́ ni tábìlì yín. Láti 2015 ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ti jẹ́ Ọjọ́ Kọfí Àgbáyé. Ọjọ́ òmìnira wa náà nìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá tó ń bọ̀, kí kọfí tí ẹ óò gbé fún àlejò ní ilé ìjọba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ kọfí tó hù ní Nàìjíríà, yálà láti Àkókó, láti Ìjùmú lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Kogí, tàbí arabica láti òkè Mambilla ní Tàràbà. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kí ó di àṣà ní gbogbo sẹ̀kìtéríàtì. Ẹ ronú iye ìpàdé tí ìjọba ń ṣe lọ́sẹ̀ kan. Olùrà tí bàbá mi dúró dè nìyẹn.

Kejì ni iye owó. Kí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ kéde, kí ìkórè tó dé, iye tí wọn yóò san fún kílò kan. Ẹ ti ní ilé kan tí ẹ jọ ń lò, DAWN Commission, àjọ ìdàgbàsókè ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èyí ṣe iṣẹ́. Igi kọfí a máa gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so dáadáa. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò fi ọdún mẹ́rin gbin ìrètí lásán lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ra irúgbìn lọ́wọ́ CRIN, ẹ pín in, ẹ sì kọ iye owó náà sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí i.

Kẹta ni ibi ìsákọfí àti ẹ̀rọ tó ń bó èèpo rẹ̀. Etí títì ni bàbá mi ti ń sá tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ti ṣì ń ṣe. Kọfí a máa fa òórùn mọ́ra bí òwú. Èyí tí a bá sá sórí ọ̀dà, òórùn ọ̀dà ni yóò bá wọ inú ife. Lẹ́yìn náà ni olùrà á wá sọ pé kọfí Nàìjíríà kò dáa. Pèpéle olókùn tó ga kúrò nílẹ̀ kò wọ́n. Ẹ̀rọ kan sì tó fún abúlé márùn-ún.

Àwọn olùdámọ̀ràn yín lè sọ fún yín pé robusta wa kò lè wu ẹnu àlejò pàtàkì. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì òyìnbó tí wọ́n ń mu. Robusta ló pọ̀ jù nínú kọfí oníyẹ̀fun tó ń yòrò nínú omi gbígbóná kárí ayé.

Mi ò bèèrè pé kí ẹnikẹ́ni fòfin de kọfí òkèèrè o. Tí wọ́n bá fòfin dè é, Mállàmù á kàn kó o sábẹ́ bẹ́ńṣì, á sì fi owó kún un ni.

Mo ti fi ìdì mẹ́fà ránṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ́fíìsì gómìnà kọ̀ọ̀kan, igba gíráàmù nínú ìdì kan. Láti ara igi méje ló ti wá, àwọn méje tí ẹ̀gbọ́n mi kò gé nítorí pé àwọn ni ààlà oko wa pẹ̀lú ti ará ibòmíràn. Ṣíbí méjì fún ife kan. Ẹ jẹ́ kí omi hó, kí ó sinmi díẹ̀, kí ẹ dà á lé e lórí, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó bu ṣúgà sí i.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ àgbẹ̀ kọfí kan láti Àkókó, tó ń gbé Ìbàdàn